Ìlà Ìlú Wo Ni Obìnrin Ẹnu Ẹ̀rọ Yóò Kọ?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ bí ilé wa lẹ́yìn Dùgbẹ̀ ṣe rí nígbà tí mo wà ní kékeré, ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ló ń jí wa. Bó bá ti dún báyìí, àkùkọ Bàbá Onílé á dá a lóhùn, ọmọ ọwọ́ á figbe ta, Ìyá Àdúrà tí wọ́n ń gbé yàrá ìkángun á bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo wọn, Bàbá Onílé fúnra wọn á sì máa wúkọ́ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo wa lè mọ̀ pé àwọn ti dìde kírun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, odó ti ń dún lẹ́yìn ilé. Ìyá mi ló ń gúnyán. Ẹ̀bá Iléṣà ni àwọn òbí mi ti wá, Màámi kò sì gbà láéláé pé ẹ̀kọ tútù lè gbé bíríkìlà dé ọ̀sán. Bíríkìlà ni Bàámi. Wọ́n ń rẹ́ ògiri fún àwọn tó ń kọ́lé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n rẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò sí nínú ògiri pẹlẹbẹ rárá. Ère ni wọ́n fẹ́ máa mọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn bàbá mìíràn bá ń sùn, Bàámi á fà mí lọ́wọ́, a ó máa wo ilé onílé kiri Dùgbẹ̀. Wọn kì í rí ènìyàn lójú ọ̀nà, ògiri ni wọ́n ń rí. Wọ́n á fi kìnnìún sìmẹ́ǹtì hàn mí lórí ilé olówó, kìnnìún tí ojú rẹ̀ dà bí ti ológbò tí inú ń run, wọ́n á ní, “Wo ẹsẹ̀ rẹ̀, Bọ́lá. Ẹni tó mọ ẹsẹ̀ yìí mọṣẹ́. Ẹni tó mọ orí rẹ̀ ni kò rí kìnnìún rí.” A ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí wọ́n ya orí mẹ́fà sí ara pátákó rẹ̀, orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ojú ẹnì kan ṣoṣo. A ó wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe yí fèrèsé ká. Ẹsẹ̀ á ti máa dùn mí, gúgúrú ni mo sì ń fẹ́, n kò fẹ́ òdòdó.

Ó yẹ kí n sọ àléébù Bàámi kan fún yín níbí, nítorí òun gan-an ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Bàámi kò lè sọ pé “rárá” fún ẹ̀dá alààyè. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ní kí wọ́n ṣe, “Mo gbọ́” ni wọ́n máa dáhùn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó gbọ́ “Mo gbọ́” yìí á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, á sì máa lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Màámi nìkan ló mọ̀ pé “Mo gbọ́” Bàámi kò ju pé etí wọn kò di lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kánsù ní àwọn fẹ́ gbé ẹ̀rọ omi wá sí àdúgbò wa. Ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún àwa tí à ń ponmi lódò kí a tó lọ sílé ìwé, tí ẹsẹ̀ wa máa ń gbé ẹrẹ̀ dé inú kíláàsì. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ sí oríta tó wà níwájú ilé wa gan-an, wọ́n wá ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọ̀gá kan yóò fi wá ṣí i. Ni àdúgbò bá pe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Onílé ní ẹ̀rọ omi ti àwọn ará ìsàlẹ̀ wà níhòòhò bí ọmọ tuntun, tiwa kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá kánsù má baà rò pé ará oko ló ń gbé ibẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wá ni ká fi bò ó? Ẹnì kan ní ká kun ún ní ọ̀dà pupa. Òmíràn ní ká fi abọ́ tánganran lẹ̀ ẹ́ lára yípo. Bàámi, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ló déédéé dìde. Wọ́n ní, “A lè mọ obìnrin kan dúró tì í. Kó ru ìkòkò. Tó bá jẹ́ pé mo rí sìmẹ́ǹtì, mo lè mọ ọ́n.” Bí ìdùnnú ṣe ṣubú lu ayọ̀ nìyẹn. Bàbá Onílé, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, ní sìmẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ àwọn. Ìyá Ìjẹ̀bú tó ń ta gàárì lẹ́nu ọ̀nà ní àwọn yóò mú yanrìn wá. Bàbá Oǹdó tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní irin kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, òun ni yóò di egungun rẹ̀. Ìyá Àdúrà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ère náà má baà wó pa ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n Bàámi dé láti ilé, tòun ti iṣu àti àdìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Bàbá Oko ni àwa ọmọ ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ Bàámi dàgbà, nítorí náà bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ó ti di òfin. Ohun gbogbo tí ojú wọn bá rí ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún un: “Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?” Kìnnìún orí ilé, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Òdòdó ara fèrèsé, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Nígbà tí wọ́n wá rí àbúrò wọn tó ń lọ́ irin kẹ̀kẹ́ pọ̀ lójú oríta, tó ń fi àpò kòkó wé e bí ẹni tó ń di ẹrù, wọ́n pòṣé débi tí àdìẹ fi ta gìrì. Wọ́n pe Bàámi àti Màámi jókòó. Wọ́n ní àwọn ti ya oko kòkó kan sọ́tọ̀ fún Bàámi, ó ti so, kò sí ẹni tó ń ká a. Wọ́n ní ọkùnrin tó ní oko nílé tó ń rẹ́ ògiri olówó kiri, orí rẹ̀ kò pé. “N ó dúró títí wọ́n á fi ṣí ẹ̀rọ yín yìí. Mo ti bá onílọ́rì sọ̀rọ̀. Bí n kò bá rí ohun tí mo lè fi àbúrò mi yangàn níbẹ̀, gbogbo yín lẹ̀ ń bá mi lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ṣé o gbọ́?”

Bàámi ní, “Mo gbọ́.”

N kò rí Màámi kí wọ́n bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti ní oníbàárà tó ń ra àkàrà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí kíláàsì kẹta. Oko Bàbá Oko jìnnà sí ilé ìwé débi pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ti gbàgbé pé ilé ìwé wà. Ọmọbìnrin ni mí, Màámi kò sì fara mọ́ kí n máa ká kòkó títí wọ́n á fi wá fẹ́ mi. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ní, “Bọ́lá, gbàdúrà kí bàbá rẹ mọ obìnrin yẹn kó jọ obìnrin.” Mo gbàdúrà. Mo tún sọ fún Ìyá Àdúrà kí wọ́n fi ọjọ́ kan kún ààwẹ̀ wọn.

Kí Ọlọ́run má ṣe mí ní onírọ́: obìnrin náà jọ obìnrin. Mo ti rí ère tí àwọn ọmọ yunifásítì mọ láti ìgbà náà, tí wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pẹ̀lú gíláàsì lójú, n kò sì rí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ mú mi lọ́kàn bíi ti Bàámi. Ìpele ìpele ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, wọ́n á fi àpò tútù bò ó, wọ́n á tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ kan di ìkòkò mú lórí, ọwọ́ kejì wà ní ìbàdí bí ti obìnrin tó ń dúró de ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àwọn obìnrin àdúgbò á máa fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á kí i pé, “Ẹ kú ìdúró o.” Ìwọ̀nba ojú ló kù. Bàámi ní ojú ni wọ́n máa ń fi sí ìkẹyìn, sìmẹ́ǹtì kíkúnná ni wọ́n máa ń fi rẹ́ ẹ, kíá ni ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ yá nítorí pé lásìkò ọyẹ́ báyìí, sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ibi ojú yìí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ rántí pé nígbà náà, bí ènìyàn bá pàdé àgbàlagbà lójú ọ̀nà, ìlà ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kà kó tó kí i. Bàbá Onílé wá bá Bàámi lọ́wọ́ àárọ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: “Sìmẹ́ǹtì ta ni? Tèmi ni. Ilẹ̀ Ìbàdàn ló sì dúró lé. Àbàjà ni kóo fi sí i lójú o.” Bàámi ní, “Mo gbọ́.” Ìyá Ìjẹ̀bú bu gàárì wá fún wa, wọ́n ní yanrìn ló pọ̀ jù lára obìnrin yẹn, pélé ló yẹ ẹ́. “Mo gbọ́.” Bàbá Oǹdó ní ẹni tó ni egungun ló ni ènìyàn, ìlà kan gbọọrọ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Mo gbọ́.” Ìyá Àdúrà ní ìlà kò wu Ọlọ́run, àgbélébùú kékeré ni kí wọ́n fi sí i níwájú orí. Bàámi tún gbọ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní ni pé èmi Bọ́lá, tí mo ní ẹ̀jẹ̀ lára, tí mò ń rìn káàkiri àgbàlá láìkọlà kankan, kò sẹ́ni tó jà nítorí ojú tèmi. Obìnrin sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ pa ara wọn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀gá kánsù dé, Bàámi kò lè jẹun. Màámi gbé iyán síwájú wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé kóòtù fún. Màámi ní, “Bàbá Bọ́lá, ta lẹ ṣẹ̀?” Bàámi wá jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹnì kẹrin, Màámi ti ká ọwọ́ lérí.

“Háà! Ẹ gbà mí o! Ẹnu mélòó lẹ ní, Bàbá Bọ́lá?”

“Kí ni kí n sọ fún wọn? Àgbà ni wọ́n.”

“Kí ẹ ní rárá!”

“Bàbá Onílé á bínú. Wọ́n lè ní ká kó jáde.”

“Bẹ́ẹ bá ṣe ti Bàbá Onílé, ti Ìyá Ìjẹ̀bú ńkọ́? Bí àwọn yòókù bá fi ìbínú wó o, kí lẹ fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n yín lọ́la? Kòkó lẹ fẹ́ lọ máa ká?” Omi ti lé ròrò sójú wọn. Wọ́n nu ojú, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ẹ lọ rẹ́ ojú rẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ bá rẹ́ ẹ tán, ẹ wábi gbà.”

Ẹ̀yìn ìrun Àílà lọ́sàn-án ni Bàámi rẹ́ ojú náà tán. Oòrùn ń ta bí ata, ọyẹ́ ń gbẹ ètè ẹni. Mo rí i kí wọ́n tó sá lọ: ojú obìnrin tó tutù, tó ń wo ọ̀nà, bí ẹni pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí ìkòkò kò jẹ́. Bàámi gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n wọ ṣáláńgá, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Màámi wá rán mi sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan: “Sọ fún wọn pé ojú ti wà ní tútù o, kí wọ́n máa bọ̀ wá fi ọwọ́ ara wọn kọ ìlà tí wọ́n fẹ́.” Màámi fúnra wọn gbé ẹ̀gúsí síwájú, wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń pa á.

Bàbá Onílé ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú abẹ tí wọ́n fi ń fárí. Kí wọ́n tó na ọwọ́, Ìyá Ìjẹ̀bú ti dé pẹ̀lú ọ̀bẹ. Bàbá Oǹdó mú irin kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín lọ́wọ́, Ìyá Àdúrà mú ìyarun, wọ́n ní eyín rẹ̀ kan ni àwọn fẹ́ fi fa àgbélébùú. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wọn, wọ́n wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn.

“Ìyá Ìjẹ̀bú, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?”

“Ohun tí ẹ fẹ́ fi abẹ ṣe náà ni. Bàbá Bọ́lá ti gbọ́.”

“Ó gbọ́ kẹ̀? Èmi ló gbọ́ fún!”

“Gbogbo wa ló gbọ́ fún,” ni Bàbá Oǹdó wí, “ṣùgbọ́n èmi ni mo ni egungun!”

Ó wá di ariwo. Bàbá Onílé ní bí kò bá sí sìmẹ́ǹtì, òkìtì yanrìn lásán ni ìbá jẹ́. Ìyá Ìjẹ̀bú ní bí kò bá sí yanrìn, ẹ̀kọ ni ìbá jẹ́. Ìyá Àdúrà ń lu agogo lé gbogbo wọn lórí. Èrò pé jọ. Ibẹ̀ la wà tí ẹnì kan fi gba àárín èrò kọjá, tó ń fi èjìká ti ènìyàn, ìṣó méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Oko ni! Wọ́n ní, “Ẹ yà fún mi! Ta ni nínú yín tó bí ẹni tó mọ ọ́n? Ìlà wẹ́wẹ́ ti ìlú wa ni yóò kọ, mo ti sọ fún àbúrò mi láàárọ̀ yìí, ó ní òun ti gbọ́!” Ni gbogbo wọn bá dojú kọ wọ́n. Bàbá Oko kò gbà fún ẹnì kan. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, wọ́n ka ìlà ojú tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún èrò, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ jáde wá. Màámi ń pa ẹ̀gúsí lọ ní tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wọn títí tí a fi gbọ́ ìpè ìrun Àlàásárì. Bàbá Onílé ní àwọn kò lè torí ère pàdánù ìrun, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fa ìlà kan péré kí àwọn tó lọ. Wọ́n na abẹ. Abẹ dún kẹ̀rẹ̀ lójú obìnrin náà. Kò wọlé. Bàbá Oǹdó fi irin ha á. Kò wọlé. Bàbá Oko fi ìṣó họ ọ́ títí òógùn fi bò wọ́n, ìṣó tẹ̀.

Màámi gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró, wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn. “Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Ó ti gan.” Wọ́n wá yíjú sí Bàbá Oko: “Ọkọ mi àgbà, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?” Ẹ̀rín tó sọ lójú oríta lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàámi gbọ́ ọ nínú ṣáláńgá, wọ́n rò pé wọ́n ti wó o ni, wọ́n bú sẹ́kún. Bàbá Oko kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ju ìṣó náà nù, wọ́n wọlé, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Màámi ní àwọn ti fi àwàdà ba nǹkan jẹ́. Wọ́n di ẹrù wa.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́rì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò kí ọ̀gá kánsù tó dé, ẹrù wa sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá náà wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò fetí sí, ó yí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú jáde, a pariwo, ẹsẹ̀ gbogbo wa wọ ẹrẹ̀. Ó ń yí padà láti lọ ló tó rí obìnrin náà. Ó dúró. Ó yí i po, ó wo ọwọ́ tó wà ní ìbàdí, ó gbójú sókè wo ojú rẹ̀ títí. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ibí yìí, ọmọ ibo nìyí?”

“Ìbàdàn!” “Ìjẹ̀bú ni!” “Oǹdó!” “Ọmọ Ọlọ́run ni o!” Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ké e. Ọ̀gá kánsù na ọwọ́ sókè, ó ní òun kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni wí. Ìgbà yẹn ni Bàbá Oko tẹ ẹrẹ̀ bọ́ sí iwájú. Wọ́n ṣí fìlà.

“Ẹ má da ara yín láàmú, ọ̀gá. Ọmọ ilé wa ni. Àbúrò mi tó dúró síbẹ̀ yẹn ló mọ ọ́n.”

Bàámi wolẹ̀, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n mú fún ẹ̀sùn olè. Ọ̀gá kánsù rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bó bá jẹ́ ọmọ ilé yín, Bàbá, mo rí lọ́rì níbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ ni?”

Bàbá Oko wo obìnrin náà. Wọ́n wo Bàámi. Wọ́n wá wo èmi àti Màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù wa, wọ́n sì dé fìlà wọn padà.

“Rárá,” ni wọ́n wí. “Iṣẹ́ àbúrò mi wà níbí. Ẹ jẹ́ kí òun àti ìdílé rẹ̀ máa gbé ibí.”

Màámi jókòó sílẹ̀ gbà-á nínú ẹrẹ̀, tòun ti ìró tuntun, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ẹ̀rọ sì ń ṣàn kọjá lábẹ́ wọn.